Sítíkà olómi fún ọkọ̀ àwòṣe: yíǹkì mi ń ṣàn, ẹ gbà mí

ỌmọApápá, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kan àwòṣe Aureol, ọkọ̀ òkun ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tí wọ́n kàn ní Glasgow ní 1951, tó ń ná Liverpool sí Èkó. Ọkọ̀ yẹn ló gbé bàbá mi wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ní 1962. Wọ́n ṣì máa ń sọ bí wọ́n ṣe yà ní Takoradi àti Freetown, àti bí òtútù ṣe gbá wọn mú ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀. Ojú bàbá ti ń ṣú díẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ yìí parí kí wọ́n tó pé 85 lóṣù Ọ̀wàrà.

Ẹyọ kan nínú 144 ni mo dín in kù sí, ó wá gùn tó mítà kan ó lé sẹ̀ǹtímítà 14. Ara rẹ̀ funfun, páìpù èéfín rẹ̀ yẹ́lò, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Orúkọ ló kù, orúkọ náà ló sì fẹ́ pa mí.

Mo ra bébà sítíkà olómi, èyí tó mọ́ gaara, tí èèyàn ń rẹ sómi kí àwòrán orí rẹ̀ lè yọ̀ kúrò. Mo fi pírńtà oníyíǹkì tó wà nílé tẹ AUREOL mẹ́rin àti LIVERPOOL kan fún ìdí ọkọ̀. Ó jáde, ó rẹwà. Mo gé e, mo kì í bọ omi. N kò tíì ka ẹẹ́wàá tí omi fi di aró. A àkọ́kọ́ ti di àbàwọ́n, U àti R ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Nígbà kejì, mo kọ́kọ́ fi fánìṣì inú agolo fín in, mo fín in dáadáa kó lè bò ó. Yíǹkì tún ṣàn lábẹ́ fánìṣì, n kò tíì débi omi rárá. Bébà méjì péré ló kù sí mi lọ́wọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?


Atẹ̀wéṢómólú, Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú wọn rí i.

Ó pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ohun tí mo sì rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni ìkánjú. Omi ni wọ́n fi po ohun tí pírńtà oníyíǹkì ń tú jáde. Bébà lásán á fa omi náà mu, àwọ̀ á sì dúró. Ara sítíkà olómi kì í mu ún bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ni yíǹkì ń jókòó sí. Ẹ lè fọwọ́ kàn án kó má fi àbàwọ́n sí yín lọ́wọ́, síbẹ̀ kó jẹ́ pé inú rẹ̀ ṣì tutù.

Alẹ́ ni èmi máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo máa gbé e sórí pẹpẹ tí eruku ò ti ní bà lé e, ilẹ̀ á mọ́ kí n tó tún dé ìdí rẹ̀. Lásìkò òjò, nígbà tí aṣọ pàápàá kì í gbẹ nínú ilé, ọjọ́ méjì ni mo ń fún un. Tí ọyẹ́ bá ti dé, wákàtí mẹ́ta ti tó.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni fánìṣì, akiríìlì tó mọ́ gaara. Ibẹ̀ ni ọwọ́ yín ti le jù. Ẹ ní ẹ fín in dáadáa. Fínfín àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ dáadáa rárá. Ẹ di agolo mú bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí bébà. Kí agolo ti máa fín kí ọwọ́ yín tó dé orí bébà, kó sì máa fín lọ títí ọwọ́ á fi kọjá etí kejì, nítorí ibi tí ọwọ́ bá ti dúró ni fánìṣì ti ń gbá jọ. Bí ìrì ni kó rí. Tí ẹ bá gbé bébà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ rí ẹ̀kán wínníwínní tí kò tíì kan ara wọn. Bó bá ti tutù tó ń dán bí epo, ó ti pọ̀ jù. Oògùn tó wà nínú fánìṣì ti gbé yíǹkì rìn nìyẹn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà kejì gan-an nìyẹn.

Ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èkejì lè pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Ẹ tún dúró, kí ẹ wá fín ẹ̀kẹta, kó di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi ìkẹrin àti ìkarùn-ún kún un pé kó lè lágbára o. Bí ó bá nípọn jù, á gan, kò ní lè bá kọ́rọ́ ara ọkọ̀ lọ, tí ẹ bá sì fi dandan tẹ̀ ẹ́, á sán.

Kí ẹ tó fi orúkọ gan-an dánrawò, ẹ tẹ àmì kékeré kan sí igun bébà, kí ẹ fín òun náà, kí ẹ gé e, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fi tíṣù funfun nù ún. Tí àwọ̀ bá yọ sí tíṣù, ẹ pa dà lọ fín in. Ìta gbangba ni ẹ ti máa fín in, ẹ fi nǹkan bo imú.


ÌyáAláwòṣe, Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣómólú. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní tèmi.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́. A kan ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan, irú èyí tó ń kó èrò lórí ọ̀sà níbí, àwọn ọmọ sì kùn ún ní búlúù tó ṣú. Wọ́n dìbò orúkọ, ỌLÁ ỌSÀ ló wọlé, ỌLÁ Ọ̀SÀ ni mo fẹ́ kọ, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ ìdí tí mo fi ń tún un kọ. Yẹ́lò ni wọ́n fẹ́, kí funfun yí i ká. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà gaara, mo fín in bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò ṣàn. Àmọ́ bí mo ṣe gbé e lé ara ọkọ̀, a ò rí nǹkan kan mọ́. Yẹ́lò di àwọ̀ ewéko tó ṣú, funfun wọlẹ̀ pátápátá. Gbogbo kíláàsì ń wò mí lójú.

Ohun kejì ni pé kọ̀ǹpútà mi ń sọ àmì nù. Orí Ọ̀ ni àmì máa ń fò lọ, nígbà mìíràn á bọ́ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ỌSÀ ti wá.


AyàwòránIlé, Ìbàdàn

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀.

Pírńtà ilé kò ní yíǹkì funfun. Ibi tí àwòrán bá ti funfun, kì í tú nǹkan kan síbẹ̀, bébà ló ń bá a funfun. Nígbà tí bébà yín sì mọ́ gaara, búlúù ara ọkọ̀ ló yọjú. Àwọn àwọ̀ yòókù náà fẹ́lẹ́, wọ́n dà bíi gíláàsì aláwọ̀. Ohun tó wà lábẹ́ wọn ń bá wọn dá sí i. Yẹ́lò lórí búlúù, ewéko náà ni. Ìdí nìyí tí ti ỌmọApápá fi rọrùn: ara ọkọ̀ tiwọn funfun, lẹ́tà dúdú lórí rẹ̀ kò ní wàhálà.

Bébà sítíkà olómi kan tún wà tó funfun fúnra rẹ̀. Èyí ni kí ẹ rà. Àmọ́ ẹ má retí pé ẹ ó gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yí ká, nítorí inú Á àti inú Ọ á ṣì funfun, kò sì sí abẹ tó lè wọ ibẹ̀. Èmi ti gbìyànjú láti tẹ búlúù sẹ́yìn lẹ́tà kí ó bá ọ̀dà ara ọkọ̀ mu, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò bá a mu rí. Ohun tó dára ni kí ẹ yà á bíi pátákó orúkọ: igun mẹ́rin pupa tàbí ewéko, kí ỌLÁ Ọ̀SÀ yẹ́lò wà nínú rẹ̀, kí funfun bébà fúnra rẹ̀ jẹ́ etí tó yí lẹ́tà ká. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gidi ló ní pátákó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bíléèdì tuntun àti rúlà irin gé e. Etí bébà máa ń yọ funfun lẹ́yìn gígé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín kun etí náà ní àwọ̀ pátákó kí ẹ tó rẹ ẹ́ sómi.

Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà lásán ni àwọn ọmọ fẹ́, láìsí pátákó, ẹ fi ọ̀dà funfun kun ojú ibẹ̀ lára ọkọ̀, kí ẹ fi téèpù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ wá lẹ sítíkà gaara mọ́ orí funfun yẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé, Letraset la fi ń kọ gbogbo àkọlé: ẹ̀yìn pẹ́ńsùlù la fi ń ra á, lẹ́tà á sì bọ́ sílẹ̀. Funfun wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó ti wà lọ́jọ́ tó pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ gbà á, lẹ́tà funfun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ju ti pírńtà èyíkéyìí lọ, bí kò bá tíì gbẹ jù. ALPS ní Japan ṣe pírńtà kan nígbà kan tó ń tẹ funfun gidi, àwọn akanwòṣe fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọn ò ṣe é mọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn, mo máa pa dà wá sórí rẹ̀. Ó ń dùn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ.


ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà, Abẹ́òkúta

Kí ló dé tí ẹ ò lo pírńtà onílésà? Ìyẹ̀fun tónà ni, iná ló ń yọ́ ọ mọ́ bébà, omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Mo ti gbé ti lésà lé ọkọ̀ mẹ́rin láìfín nǹkan sí i ṣáájú.


Atẹ̀wéṢómólú, Èkó

Òótọ́ ni, dúdú tónà gan-an ń ṣú ju ti yíǹkì lọ, etí lẹ́tà rẹ̀ sì mú. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí kí ẹnikẹ́ni tó sáré. Bébà ti yíǹkì yàtọ̀ sí bébà ti lésà. Mo fún ọmọdékùnrin kan ní bébà kan pé kó bá mi tẹ̀ ẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan, ti yíǹkì ni, n kò kọ ọ́ sí i lára, kò sì bi mí. Rólà tó ń gbóná nínú ẹ̀rọ yọ́ ara bébà náà, ó wé mọ́ rólà bí àmàlà tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ yẹn fi dákú. Àwọn ló ni ẹ̀rọ, èmi ni mo jẹ̀bi, mo san owó rólà.

Látìgbà yẹn, mo máa ń fi bírò kọ LÉSÀ tàbí YÍǸKÌ sí ẹ̀yìn bébà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí mo bá rà á. Tí ó bá jẹ́ lésà, ẹ yan bébà tó nípọn nínú ètò pírńtà, ẹ fi ọwọ́ kì í ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi téèpù lẹ ègé bébà mọ́ orí bébà lásán kí ẹ kì í sínú lésà, gúlúù téèpù á yọ́. Nínú oníyíǹkì, a lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ bébà jẹ: ẹ tẹ orúkọ sórí bébà lásán, ẹ wo ibi tó bọ́ sí, ẹ fi téèpù lẹ ègé sítíkà sí ojú ibẹ̀ gẹ́lẹ́, etí tó ń kọ́kọ́ wọlé ni kí téèpù wà, kí ẹ tún kì í padà.

Èmi ṣì ń fín fánìṣì lé ti lésà lórí, lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹ̀fun tónà máa ń họ tí èèyàn bá ń fi ìka tì í síbi tó yẹ.


ỌmọApápá, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, bí ìrì! Mo ṣe é, kò ṣàn. Mo nù ún pẹ̀lú tíṣù, tíṣù funfun báláú. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an.

Ìbéèrè tó kàn ni pé lẹ́tà mi tóbi jù. Mo gbé bébà lásán lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó dà bíi pátákó ìpolówó. Fọ́tò ni mo fi wò ó, kò sí ẹni tó kọ ìwọ̀n lẹ́tà sílẹ̀ fún mi.


AyàwòránIlé, Ìbàdàn

Àbúrò, rúlà wà lára ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà tó ń fi bó ṣe rì tó hàn. Nígbà tí wọ́n kan Aureol, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń kà á: nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ga ní íǹṣì 6, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti èkejì jẹ́ íǹṣì 6, ìsàlẹ̀ nọ́ńbà ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Torí náà, láti ìsàlẹ̀ nọ́ńbà kan dé ìsàlẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ bàtà kan ni. Ti àwọn ọkọ̀ tó ń lo mítà, sẹ̀ǹtímítà 10 ni gíga nọ́ńbà, sẹ̀ǹtímítà 20 sì ni láti ìsàlẹ̀ kan dé ìsàlẹ̀ kejì.

Ẹ gbé fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ gan-gan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọn gíga nọ́ńbà, ẹ wọn gíga A tó wà nínú AUREOL. Ká ní A ga ní ìlọ́po mẹ́ta nọ́ńbà, íǹṣì 18 nìyẹn, ìyẹn mílímítà 457. Ẹ fi 144 pín in: mílímítà 3.2. Fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú á tàn yín jẹ o, nítorí ara ọkọ̀ máa ń ṣí síta lókè, lẹ́tà á sún mọ́ kámẹ́rà ju nọ́ńbà lọ.

Lẹ́tà ńlá nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì jẹ́ bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá nọ́ńbà tí ẹ yàn fún un, póíńtì kan sì jẹ́ mílímítà 0.353. Mílímítà 3.2 á bọ́ sí nǹkan bíi póíńtì 13. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́, ẹ tún un ṣe. Kí ẹ sì fa ìlà kan tó gùn ní mílímítà 100 gẹ́lẹ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé. Bí kò bá jẹ́ 100 lórí bébà, pírńtà ti sún àwòrán kì kó lè bá ojú ìwé mu. Ẹ pa ètò yẹn, ẹ fi sí 100%.

Ẹ má sì gbàgbé àmì Plimsoll láàárín ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, èyí tó ń fi ibi tí ẹrù lè mú ọkọ̀ rì dé hàn. Samuel Plimsoll, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jà fún un nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń di ẹrù àdìjù tí àwọn atukọ̀ ń bá a rì. Òfin náà dé ní 1876. Òbìrípo rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12, ìlà tó gba àárín rẹ̀ gùn ní íǹṣì 18, ó nípọn ní íǹṣì 1. Ní tiyín, òbìrípo á jẹ́ mílímítà 2.1, ìlà á gùn ní 3.2, sísanra rẹ̀ á jẹ́ 0.18. Bí pírńtà yín bá ń fi dọ́ọ̀tì 600 sínú íǹṣì kan, dọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni sísanra yẹn. Ẹ fi Inkscape, ètò ìyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, yà á, kó jẹ́ ìlà gidi. Fọ́tò tí a sún kì á di ìdọ̀tí eérú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbìrípo ni àwọn ìlà kéékèèkéé wà: S fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, W fún ìgbà òtútù, T fún ilẹ̀ olóoru, F fún omi tí kò níyọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti wà nínú omi ilẹ̀ olóoru lọ́dọ̀ wa, T ló ń wò. Lẹ́tà yẹn kò ní ju eèrà lọ lára ọkọ̀ yín, àmọ́ ẹ fi síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, àmì ohùn ló kàn báyìí. Lórí kọ̀ǹpútà, Ọ́ àti Ọ̀ kì í ṣe lẹ́tà ẹyọ kan bíi Á tàbí È. Ọ ni a kọ́kọ́ tẹ̀, a wá fi àmì gun orí rẹ̀, fọ́ǹtì ló sì ń pinnu ibi tí àmì máa bà lé. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó lẹ́wà, tí ó rí bí èyí tí wọ́n ń kọ sára ọkọ̀, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Noto Sans mọ̀ ọ́n ṣe, Gentium mọ̀ ọ́n ṣe, Charis SIL náà mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tẹ orúkọ náà, ẹ sún un tóbi kún ojú kọ̀ǹpútà, ẹ wo àmì kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti jókòó dáadáa, ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán nínú Inkscape kí fọ́ǹtì má tún yí padà nílé ìtẹ̀wé.

Tí lẹ́tà bá wá kéré, mílímítà mẹ́ta bẹ́ẹ̀, dọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ fọwọ́ ara yín mú un tóbi díẹ̀, tàbí kí ẹ fi ìlà kékeré tó dúró gangan rọ́pò rẹ̀, bí àwọn ìwé wa àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè lẹ́tà, abẹ máa ń ge àmì orí Á dànù láìmọ̀. Akunkọ̀ tó bá kánjú lè fo gbogbo rẹ̀, a ti mọ́ ọn lára. Àmọ́ kíláàsì yín ló dìbò fún orúkọ yẹn, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.


ÌyáAláwòṣe, Ẹ̀pẹ́

Noto Sans ṣe é! Àmì orí Ọ̀ jókòó síbi tó yẹ kó jókòó. Mo fi pupa ṣe pátákó. Ọmọ kan ní kí n jẹ́ kí òun mú dọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tóbi fúnra òun, mo gbà á láyè.


ỌmọApápá, Lọ́ńdọ̀nù

Mo tún dé o. Mo ti lẹ AUREOL kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì. Ìwọ̀n rẹ̀ dára gan-an, mílímítà 3.2 náà ni. Àmọ́ ara sítíkà gaara yí lẹ́tà ká ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Tí mo bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí igun mẹ́rin rẹ̀ kedere. Ṣé kí n yọ ọ́?


AfínỌ̀dà, Birmingham

Ẹ má yọ ọ́, àbúrò. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni mo ń fín lọ́dà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ iṣẹ́, afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ yẹn. Ó dá mi lójú pé ọ̀dà tí kò dán lẹ fi kun ara ọkọ̀ yín. Bó ti wù kó jọ̀lọ̀ lójú, tí a bá fi awò wò ó, ara rẹ̀ rí bíi yánpépà, òkè àti kòtò. Orí òkè ni sítíkà jókòó lé, afẹ́fẹ́ kún inú kòtò, ìmọ́lẹ̀ ń kọ mànà lábẹ́ rẹ̀.

Fún èyí tó ti wà níbẹ̀: ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ibi tó ń dán ní ihò tín-ín-rín mélòó kan, ẹ kán Micro Sol, oògùn olómi tí wọ́n ń tà fún sítíkà, sí i, kó wọ inú ihò, kó sì rọ ara sítíkà. Ara rẹ̀ lè kọ́kọ́ hunjọ, ẹ má fọwọ́ kàn án, á tẹ́ padà fúnra rẹ̀. Ẹ tún ṣe é lọ́jọ́ kejì bó bá ṣì kù.

Fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ ṣe é láti ìpìlẹ̀. Ẹ fín fánìṣì tó ń dán sí gbogbo ojú ibi tí orúkọ máa wà, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ gé sítíkà sún mọ́ lẹ́tà bí ẹ bá ṣe lè sún mọ́ ọn tó, kí igun rẹ̀ rí róbótó, igun tó ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ dìde. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí, kó tó ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá gbé e sórí tíṣù kó máa rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má fipá fà á. Nígbà tí ẹ bá fi ìka kàn án tó sún, ó ti ṣe. Ẹ kán omi tàbí Micro Set, oògùn tó ń jẹ́ kí sítíkà lẹ̀ dáadáa, sára ọkọ̀, ẹ gbé bébà rẹ̀ síbẹ̀, ẹ yọ̀ ọ́ kúrò lórí bébà lọ sára ọkọ̀, bí ẹni ń yọ ewé kúrò lára mọ́ínmọ́ín tó gbóná. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti omi jáde láti àárín lọ sí etí.

Ẹni tí kò bá rí Micro Set rà lè fi fínígà funfun àti omi, ìdajì sí ìdajì. Kò lágbára tó o, àmọ́ ó sàn ju omi lásán lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò gbà pẹ̀lú mi lórí ìyẹn.


ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà, Abẹ́òkúta

Èmi ni ọ̀kan lára wọn. Fínígà lé sítíkà tí mo fín lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò ṣe nǹkan kan fún un.


AfínỌ̀dà, Birmingham

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ti pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣómólú ti sọ ọ́. Micro Sol pàápàá ò ní tètè wọ èyí tó nípọn bẹ́ẹ̀.

ỌmọApápá, ṣé ẹ máa gbé e sómi àbí inú gíláàsì ló máa wà?


ỌmọApápá, Lọ́ńdọ̀nù

Omi ni, ẹ̀gbọ́n. Adágún Victoria Park, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àwòṣe ti wà láti 1904.


AfínỌ̀dà, Birmingham

Ó dáa. Tí sítíkà bá ti gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù nu gúlúù tó gbẹ yí i ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á di pupa rúsúrúsú lábẹ́ fánìṣì. Kí ẹ wá fín gbogbo ara ọkọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má gbé fánìṣì mọ́tò tó lágbára lé e láìdán an wò. Mo ti rí i tó hó ọ̀dà ọjọ́ pípẹ́ bí awọ ẹ̀fọ́ tó bọ́ sínú epo. Ẹ kun pákó kékeré kan bí ẹ ṣe kun ọkọ̀, ẹ lẹ sítíkà kan mọ́ ọn, ẹ fín in, kó sùn. Pákó yẹn ni kó kọ́kọ́ jìyà.

Oòrùn náà ń jẹ yíǹkì pírńtà ilé, pupa ló máa ń kọ́kọ́ ṣá. Ẹ ra fánìṣì tó ń dènà oòrùn, tí ẹ bá sì kúrò létí omi, ẹ fi aṣọ bo ọkọ̀.


ỌmọApápá, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará ilé, ó ti parí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò dán rárá, ẹ̀gbẹ́ òsì náà ti tẹ́, mo gún un ní ihò mẹ́rìnlá. Mo gbé ọkọ̀ náà sórí tábìlì oúnjẹ ní alẹ́ àná, mo tan iná sí i. Bàbá bọ́ jígí wọn, wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú ọkọ̀. Wọ́n fi èékánná ìka kékeré tọ lẹ́tà náà lọ, A, U, R, wọ́n ń pè é sókè. Wọ́n lọ sí ìdí ọkọ̀, wọ́n ka LIVERPOOL. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Àsíá pupa tó wà níbí dà?”

N kò ṣe àsíá.


AyàwòránIlé, Ìbàdàn

Bàbá ríran ju gbogbo wa lọ. Sítíkà kọ́ ni kí ẹ lò fún ìyẹn, á gan. Ẹ wá bébà fẹ́lẹ́, irú èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sókè òkun nígbà kan. Ẹ tẹ ojú àsíá méjèèjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan jẹ́ bí èyí tí a rí nínú dígí, kí wọ́n pàdé níbi òpó. Ẹ tẹ́ òwú sí àárín wọn, ẹ ká a pọ̀ pẹ̀lú gúlúù funfun tí ẹ fi omi là, kí ẹ wé e mọ́ pẹ́ńsùlù nígbà tó ṣì tutù kó lè ní ìṣẹ́po bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ.


Atẹ̀wéṢómólú, Èkó

Kí gúlúù tó kàn án o, ẹ kọ́kọ́ fín in. Bí ìrì.